Ọ̀bẹ Ilé Ìtẹ̀wé àti Alùpùpù Tí Wọn Kò Fẹ́ Rí

Ọmọ aládùúgbò mi kan ní Èjìgbò ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama, ó ń wá iṣẹ́ tó máa kọ́, ó wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Ṣadé, ṣé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣì dáa láti kọ́?" Mo ní kó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mi ò sì tíì dé ìdajì tí ìyá rẹ̀ fi pè é pé kó wá jẹun. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹni tó bá jẹ́ pé adùn iṣẹ́ nìkan ló fẹ́ gbọ́, kó má wulẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣe mí ní ibi kankan. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló ṣe mí, èmi náà sì ṣe ẹnìkan.

Gàníyù lorúkọ mi. Ìkirè ni mo ti wá sí Èkó, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Ọ̀ṣọ́òdì. Òun ló mú mi lọ fún Ọ̀gá Dẹ̀hìndé, tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́yìn ojú irin. Ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ, ohun tí wọ́n san, ohun tí wọ́n mu lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká fo gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo rántí ni pé Ọ̀gá gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, ó ka ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, "Mẹ́wàá ló gbé wá. Mẹ́wàá náà ni màá dá padà fún yín." Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ilẹ̀ ni mò ń gbá, mo sì ń to lẹ́tà. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà nígbà yẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ní láti mọ̀ ọ́n kà láti ẹ̀yìn wá síwájú. A ó ṣà wọ́n jọ títí wọn yóò fi di gbólóhùn. Bí a bá tẹ ìwé náà tán, a ó tún tú wọn ká, a ó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú àpótí rẹ̀. Bí Ọ̀gá bá bá "e" kan ṣoṣo nínú àpótí "a", kò ní nà ọ́, kò sì ní bú ọ. Yóò kàn gbé gbogbo àpótí náà, yóò dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò sì lọ jókòó síta. Èmi àti Múfútàú, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, tí ọjọ́ orí wa ò sì ju ara wọn lọ, ti ṣa lẹ́tà nílẹ̀ títí ẹ̀yìn wa fi kọ̀ tí kò nà mọ́. Múfú a máa rẹ́rìn-ín, èmi a máa bínú. Bí a ṣe rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ ìgébébà ni Ọ̀gá ti le jù. Ẹ fojú inú wo tábìlì irin gbọọrọ kan, tí ọ̀bẹ tó gùn ju apá èèyàn lọ wà lókè rẹ̀. Bí a bá to bébà sórí rẹ̀ bí òkìtì, irin kan yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀bẹ yóò sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò gé e kọjá fẹ́rẹ́. Ní ilé ìtẹ̀wé tiwa, a kì í pe orúkọ ẹni tó bá wà nídìí ọ̀bẹ. Ohun tó wù kó ṣẹlẹ̀, a ó dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún Ọ̀gá pé ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí, òun ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, títí Ọ̀gá fi gé bébà tó wà níwájú rẹ̀ tán, tó sì gbé ọwọ́ kúrò.

Àṣà kejì ni ti àkísà pupa. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ohun tí kò dáa, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò so àkísà pupa mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò níláti pariwo, kò níláti kọ ìwé. Bí àkísà bá ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, títí kan Ọ̀gá fúnra rẹ̀, àfi ẹni tó so ó ló lè tú u. Bí kò bá sí àkísà, a jẹ́ pé ara ẹ̀rọ le. Mo rí àkísà náà lọ́jọ́ kan, mo ní kí n kàn yí kẹ̀kẹ́ wò. Ọ̀gá lé mi lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló wá dọ̀bálẹ̀ kó tó gbà mí padà. Múfú tó so àkísà náà sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ náà pé, "Tó bá jẹ́ pé mi ò so ó ńkọ́? O mọ̀ pé èmi ni wàá máa bínú sí títí ayé." A jọ rẹ́rìn-ín sí i.

A kọ́ṣẹ́ tán, a gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá, a ṣiṣẹ́ káàkiri díẹ̀, àwa méjèèjì sì bọ́ sí ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ní Ìsọlọ̀. Ibẹ̀ ni mo lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé, kàlẹ́ńdà, páálí oògùn, ìwé ètò ìsìnkú, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀. Ojú wa ni lẹ́tà òjé ṣe di ohun tí wọ́n ń kó tà fún àwọn onírin àlòkù. Pléètì dé, a ń ya àwòrán ìwé sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọmọ tí kò fọwọ́ kan yíǹkì rí sì ń ṣe láàárín wákàtí kan ohun tí àwa ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe. Mi ò bá wọn jà. Wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tó bá wù wọ́n, bó pẹ́ bó yá wọn yóò kó bébà náà wá fún wa láti gé. Ẹ̀rọ ìgébébà náà yí padà, ó di oníná. Bọ́tìnì méjì ló ní, ọwọ́ méjèèjì ni èèyàn fi ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ọ̀bẹ tó lè wálẹ̀. Àwa méjì péré là ń lò ó, èmi àti Múfú, a sì kó àṣà Ọ̀gá Dẹ̀hìndé wá síbẹ̀. Àwọn yòókù ń fi àkísà pupa wa ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní awo la ń ṣe.

Èjìgbò ni mo gba yàrá sí, Múfú ń gbé ní Jakande Estate. Mo ra alùpùpù nígbà tí Ṣadé ọmọ mi ti tó ọmọ iléèwé, nítorí mo fẹ́ máa gbé e délé ìwé kí n tó kọjá síbi iṣẹ́. Ìyá Ṣadé sunkún lọ́jọ́ tí mo gbé e wọlé, ó ní mo fẹ́ fi òun sílẹ̀ lópó. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́, mi ò gbé èrò kankan rí, mi ò sì ṣubú rí. Yàtọ̀ sí ọjọ́ kan tí mò ń bọ̀ wá sọ, kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ṣáájú mi dé ìdí ẹ̀rọ. Láàárọ̀, màá fi bébà àlòkù kan gé e wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, màá wò bóyá ọ̀bẹ padà sókè tó sì dúró jẹ́ẹ́. Bí Múfú bá dé, á ní, "Ẹ̀rọ ti jí?" Èmi á ní, "Ó ti jí, ó ti wẹ̀." Ìkíni wa nìyẹn.

Alhájì tó ni ilé iṣẹ́ fẹ́ràn alùpùpù mi. Bí oníbàárà kan bá fẹ́ tètè rí àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Àjàó Estate, èmi ni yóò pè. Nígbà tí Alhájì kú, ọmọ rẹ̀ gba ilé iṣẹ́, ó sì mú mánijà tuntun wá. Ọkùnrin náà mọ̀wé, aṣọ rẹ̀ ń dán, kò sì sí ohun tó mọ̀ nípa bébà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó dúró pẹ̀lú àwọn oníbàárà méjì níwájú ilé, mo sì wọlé lórí alùpùpù pẹ̀lú akoto lórí mi. Ó bi akọ̀wé rẹ̀ létí mi pé, "Ta ló ní kí ọlọ́kadà máa wọ inú ọgbà?" Akọ̀wé náà ní, "Òṣìṣẹ́ wa ni, sà." Ó wò mí látòkè délẹ̀. Lọ́sàn-án, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Bàbá Gàní, ẹ jọ̀ọ́, tí àwọn kọ́sítọ́mà bá wà níta, ẹ má máa gba iwájú wọlé. Wọ́n á rò pé gáréèjì ọ̀kadà nibí."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó yẹ kí n bi í bóyá àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá náà gbọ́dọ̀ fara pamọ́. Ṣùgbọ́n ojú tì mí bíi pé ohun tí mo jí ni mo gùn wá.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá bá ń fi ojú rẹ̀ wò, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á fi ẹnu sọ ọ́. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Chairman ọ̀kadà." Bí mo bá kọjá, ọ̀kan á ní, "Bàbá, èló lẹ máa gbé mi dé ibùdókọ̀ Cele?" Àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní epo ń rùn lára mi, èmi tí mo ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí fóònù ẹnìkan sọnù, báàgì èmi nìkan ni wọ́n tú. Wọ́n rí fóònù náà nínú yàrá ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì wá sọ fún mi pé ẹ má bínú. Ìyá Bísí tó jẹ́ olórí àwọn tó ń di ìwé ló gbé omi tútù wá fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tiwọn pa yín o."

Èyí tó dùn mí jù ni ti ipò olórí ẹ̀ka ìgébébà. Ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ̀yìn tì, gbogbo ilé iṣẹ́ sì mọ̀ pé èmi ló kàn. Wọ́n gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ní mọ́tò, tí kò sì tíì lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wa. Mo lọ bá mánijà.

Ó ní, "Experience wà, mi ò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n supervisor tó ń gun ọ̀kadà? Image company ńkọ́? Ẹ lọ wá tokunbọ̀ kékeré kan rà, ká tún padà sọ̀rọ̀."

Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo sọ fún Múfú lọ́jọ́ kejì pé màá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ni kó máa jí ẹ̀rọ fún mi? Ọdún mẹ́rin ló kù fún ẹ. Jókòó jẹ́ẹ́." Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe dúró. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, nítorí mo ti gbé e yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tí ìjọba wá fòfin de àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò ládùúgbò wa, ó burú sí i. Tèmi kì í ṣe ti èrò, ìwé rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n lójú mánijà, ó ti rí ẹ̀rí tó ń wá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó lẹ ìwé mọ́ ara pátákó: láti ọjọ́ Ajé, alùpùpù kankan kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà, ti ẹni yòówù kó jẹ́. Èmi nìkan ni mo ń gun alùpùpù ní ilé iṣẹ́ náà. Mo kà á, mo ní ẹnu lásán ni, wọn ò ní ṣe é.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn kan náà, Múfú ti lọ sílé, mò ń gé páálí oògùn tó kù. Mo tẹ bọ́tìnì, ọ̀bẹ wálẹ̀, ó gé e, ó padà sókè. Mo fẹ́ na ọwọ́ mú páálí ni mo rí i tó mì, tó sì tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bí ìdajì ìka, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà sí i, kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo pa á. Mo ṣí dúróà, mo rí àkísà pupa níbẹ̀. Òjò ti ń ṣú. Mo ronú pé èmi ni màá kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Ajé, bí mo ṣe máa ń ṣe, èmi ni màá dán an wò, èmi náà ni màá pe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ta ni mo fẹ́ so àkísà dè? Mo ti dúróà náà padà, mo sì lọ sílé kí òjò tó dé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé ẹnu géètì kí aago méje tó lù. Sunday, ẹ̀ṣọ́ wa, jáde síta, kò ṣí géètì.

"Oga Gani, abeg, no vex. Dem say make okada no enter again."

"Sunday, ṣé o rí èrò lẹ́yìn mi rí?"

"I know, sir. I no fit lose my work, sir."

Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọmọ mẹ́ta ló ń bọ́. Ṣùgbọ́n inú bí mi fún gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún wọ̀nyí wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fèrè alùpùpù, mo ń fún un níná kí ó máa ké, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé lè gbọ́ pé èmi Gàníyù dé lásìkò, àwọn ni kò jẹ́ kí n wọlé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ká ní mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ tí mo wọlé, ìṣẹ́jú méjì ni mi ò bá fi dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á jí i, ìbínú ò sì jẹ́ kí n ro ọ̀bẹ rárá. Mo yí i padà, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà kan ní oríta, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi mójú tó o, mo wá fi ẹsẹ̀ rìn padà.

Bí mo ṣe ń wọ ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́. Àwọn èèyàn dúró yí ẹ̀rọ ìgébébà ká. Múfú jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì. Ìyá Bísí ti fi ìró rẹ̀ wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìró náà sì ti pupa. Ìka mẹ́rin ni. Ọ̀bẹ ti gé bébà náà, ó ti padà sókè, Múfú ti na ọwọ́ kí ó mú un, ọ̀bẹ sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ bá tèmi. Kò ké. Ó kàn ní, "Gàní, o ti dé?"

Mọ́tò ilé iṣẹ́ ti lọ gbé bébà, mánijà ò tíì dé. Mo sáré padà lọ gbé alùpùpù. Sunday ló ṣí géètì, kò bi mí ní nǹkan kan. A gbé Múfú sáàárín, Ìyá Bísí jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú, ó na ọwọ́ náà sókè. Mo gba àárín àwọn mọ́tò, mo gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tiwa. Orí Múfú wà léjìká mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi. A dé ọsibítù láìpẹ́. Àwọn dókítà dí ojú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní a tètè gbé e dé ni kò jẹ́ kó kú. Nípa àwọn ìka, wọ́n ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí mánijà sọ fún mi nígbà tó dé ọsibítù rèé: "Ọ̀kadà lẹ fi gbé òṣìṣẹ́ wa wá? Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láàárín títì, kí gbogbo ayé lè rí wa?" Ìyá Bísí tú itọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n pe ìgbìmọ̀. Mánijà àti àwọn méjì mìíràn ló jókòó. Wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ kí n tó wọlé: pé Múfútàú tan ẹ̀rọ láìdán an wò, pé àìbìkítà tirẹ̀ ni, pé ilé iṣẹ́ ò ní ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe wà yìí lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi ni kí n buwọ́ lù ú pé èmi ni mo máa ń dán an wò, pé òun kò dúró dè mí. Òótọ́ ni ohun méjì tí wọ́n fẹ́ kí n buwọ́ lù yẹn. Ìyá Bísí ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níta, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá sí i o. Ọdún mẹ́rin ló kù fún yín." Òun ni mo ti sọ ti àkísà fún, ẹnìkan ṣoṣo tó mọ̀.

Mo mú bírò, mo gbé e kalẹ̀. Mo ní, "Mo mọ̀ pé ọ̀bẹ náà ń ṣàìsàn. Mo rí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi ló yẹ kí n so àkísà mọ́ ọn, mi ò so ó. Kì í ṣe ẹ̀bi Múfútàú." Mo tún fẹ́ sọ ti ẹnu géètì, pé bí wọ́n bá jẹ́ kí n wọlé ni, màá ti wà níbẹ̀. Mánijà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ ti sọ èyí tó tó. Mo ti ń sọ ọ́ fún board láti ọjọ́ yìí, ìwà ọlọ́kadà ò lè kúrò lára èèyàn."

Wọn ò pe Sunday láti bi í ní ohunkóhun. Wọ́n gba Múfú láyè láti parí ìtọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa lọ sílé pẹ̀lú ìwé ìdúpẹ́. Èmi, wọ́n kó mi lọ sí yàrá ìdìpáálí, níbi tí mo ti ń fi okùn di ẹrù fún ọdún mẹ́rin. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fún mi, ohun tí wọ́n kọ ni pé mo pẹ́ síbi iṣẹ́ nítorí alùpùpù. Mi ò tún dé ìdí ọ̀bẹ mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo máa ń lọ wo Múfú ní Jakande. A máa ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, a máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, a ò dárúkọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn rí. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnìkan ti sọ fún un. Ìbẹ̀rù wà lọ́kàn mi pé bó bá gbọ́, kò ní ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́, òun nìkan ló sì kù tí mo lè pè ní ọ̀rẹ́. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì, mo rí i pé mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé sàréè. Mo lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mo jókòó, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọ̀bẹ tó mì, dúróà tí mo ṣí, àkísà tí mo rí tí mi ò mú.

Ó ní, "Ìyá Bísí sọ fún mi ní ọsibítù."

"O mọ̀ láti ìgbà yẹn?"

"Mo mọ̀. Mo bínú. Mo bínú púpọ̀, Gàní. Lọ́dún àkọ́kọ́, tí o bá wá, tí o bá lọ tán, màá ní kí ìyàwó mi má jẹ́ kí o wọlé mọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, màá tún máa wo ojú ọ̀nà." Ó mí kanlẹ̀. "Ohun tí ìwọ ò mọ̀ ni ti èmi. Mo ti ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó yẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n máa dá ẹ dúró. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe tètè dé. Mo gbọ́ fèrè rẹ lẹ́nu géètì, mo ní wọ́n ti dá ẹ dúró. Mo wo kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ, mi ò rí àkísà. Mo ní kí n tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tìrẹ, kó lè ti máa lọ kí o tó wọlé, kí wọ́n má bàa rí ẹni sọ pé ìwọ ọlọ́kadà lo pẹ́."

Mo sunkún níwájú rẹ̀, èmi àgbàlagbà. Kò ní kí n dákẹ́, kò sì ní òun ti dárí jì mí, mi ò sì bi í.

Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá fún àwa méjèèjì nínú àwo kan náà, bí a ṣe máa ń jẹun nígbà tí a wà lọ́mọ iṣẹ́. Ó gbé omi ìṣanwọ́ kalẹ̀ láàárín wa. Mo ṣan ọwọ́ ọ̀tún mi. Múfú fi ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó na ọwọ́ òsì sínú àwo, ó wá wo ojú mi.

"Má bínú o," ó ní. "Ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹun."